Irú àwàdà orí ìtàgé wo ló ń pa yín lẹ́rìn-ín jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti oṣù Kejìlá tó kọjá, mo sì fẹ́ kí àwa tí a wà ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jọ gbé e yẹ̀ wò. Olúkúlùkù wa ló ní irú àwàdà tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn kan fẹ́ràn adẹ́rìn-ínpòṣónú tó ń fara balẹ̀ sọ ìtàn. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ẹni tó mọ ènìyàn sín jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tó jẹ́ pé àfi bí aláwàdà bá bọ́ sáàárín èrò, tó ń fi ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ni wọn yóò tó gbà pé owó tí àwọn san kò wọ igbó.

Ìtàn ni tèmi. Mo fẹ́ kí ẹni tó dúró lórí ìtàgé fà mí lọ́wọ́ wọ inú ilé kan, kí n mọ ìyá tó wà níbẹ̀, kí n gbọ́ òórùn ọbẹ̀ rẹ̀, kí n sì rí ọmọ tó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sí ilé ìdáná, kó tó di pé ẹran di àwátì. Bí ẹ̀rín yóò bá dé, mo ti ń retí rẹ̀, síbẹ̀ ibi tí n kò fọkàn sí ni yóò gbà yọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Richard Pryor, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2005, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú rẹ̀ jìnnà sí tiwa. Iná jó o yánnayànna ní 1980, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbé iná ọ̀hún lọ sórí ìtàgé, ó sì fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo gbà pé ohun tó ṣe gan-an nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá tí mo wí yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ wo àwàdà nínú gbọ̀ngàn kan níhìn-ín ní Ọ̀yọ́. Akólòlò ni ẹ̀gbọ́n mi. Aláwàdà náà sọ̀ kalẹ̀, ó na máìkì sí i lẹ́nu, ó ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀ fún ayé gbọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó la ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀hún já, onítọ̀hún ti ń sín in jẹ, ó ń gbọn àgbọ̀n, ó ń ṣẹ́jú. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó tì í rí ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Ó ti di ṣòkòtò rẹ̀ mú gírígírí. Láti ọjọ́ náà, kò tíì bá mi lọ sí ibi àpéjọ kankan mọ́.

Irú àwàdà wo ni ẹ̀yin fẹ́ràn, kí ló sì mú yín fẹ́ràn rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ aláwàdà nìkan dá mi lóhùn. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe nínú yín.

Awakọ̀ Ojú Títì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora ti ọjọ́ yẹn. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń jẹun, ẹni tí mo sì fi ń rìn ni olóògbé Gbénga Adébóyè, tí gbogbo wa mọ̀ sí Fúnwọntán. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2003 ló jáde láyé, ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ọkọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ràn ni ohùn tó máa ń yí. Ó pe ara rẹ̀ ní Alhaji Pastor Olúwo, ẹnu kan ṣoṣo ló sì fi ń jẹ́ ààfáà, pásítọ̀ àti babaláwo, tí etí yóò gbà pé ènìyàn mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀. Nínú ọkọ̀ mi, ẹni tó wé láwàní lè jókòó ti ẹni tó gbé Bíbélì dání; bí ó bá kan ti ẹnì kan, ẹnì kejì á rẹ́rìn-ín, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kan tirẹ̀ náà. N kò tíì rí i kí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà.

Ìyá Alága Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ kò dára, bá mi kí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o torí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ da iṣẹ́ nù, nítorí yẹ̀yẹ́ tí o kórìíra yìí ni mo fi tọ́ ọmọ.

Alága ìjókòó ni mí. Ẹbí ìyàwó ni mo máa ń dúró fún, alága ìdúró á dúró fún ẹbí ọkọ, àwa méjèèjì á sì máa fi ọ̀rọ̀ gún ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òwúrọ̀ títí a ó fi ṣí ẹrù ìdána. Bí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀, ojú mi á ti máa wá ẹni tó gbé àyà sókè kí agbádá rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Bí mo bá rí i, mo lè béèrè pé: "Ẹni ọ̀tún yẹn, ṣé ilẹ̀ wa jẹ ọ́ lówó ni, tí o kò fẹ́ kí ara yín kan ara?" Ilé á hó yèè fún ẹ̀rín, onítọ̀hún á sùn gbalaja, inú ìyá ìyàwó á sì dùn nítorí ó ti rí i pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọmọ òun.

Èmi ní òfin tèmi, ẹnu ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti gbà á. Ohun tí ènìyàn lè bọ́ sílẹ̀ ni mo máa ń fọwọ́ kàn: fìlà tó wọ́, bàtà tó ń dún kó-kó-kó, ahun ṣíṣe, ìkánjú, fáàrí. Ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, n kì í dé ibẹ̀. Ẹni tí mo bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́dọ̀ kì í, kí n yìn ín, kí n ṣàdúrà fún un kí ó tó dìde níwájú mi. Ẹni tó bú ènìyàn tí kò yìn ín, gbèsè ló jẹ.

Ìlú wa yìí ni wọ́n ti bí olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní 1910, ẹni tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí wọ́n fi pa á ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú tì; ohun tí àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀ fún wa ni bí ó ṣe máa ń fi ẹ̀fẹ̀ dá alátakò lóhùn lójú agbo, tí alátakò á fi wá èsì tì. Èsì ojú ẹsẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó ń sọ ìtàn, ilé rẹ̀ ló ti se é wá. Tiwa, iwájú gbogbo ènìyàn la ti ń dá iná, a kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tó wà nínú ìkòkò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ èyí tí ẹ fẹ́, n kò sì fẹ́ èyí tí Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mí, kúkúrú ni mo fẹ́. Bí ìtàn bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn tó sì jẹ́ ẹ̀rín kan péré ló bí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó gbààwẹ̀ tí wọ́n fún ní ẹ̀pà kan ṣínú. Ará Amẹ́ríkà kan wà, Steven Wright, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í gbé ohùn sókè; gbólóhùn kan, ó dákẹ́, gbólóhùn mìíràn, ó dákẹ́. Ìwọ tí o ń gbọ́ ọ lo máa parí iṣẹ́ náà nínú orí rẹ. Ẹ̀rín tí mo bá fi orí ara mi wá máa ń pẹ́ nínú mi ju èyí tí wọ́n bù fún mi lọ.

Èdè Yorùbá gan-an ló yẹ irú àwàdà bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀kan níbi ìgbéyàwó kan ní Tàkíé. Obìnrin kan tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀ láìfi àmì sí i: "Oko mi ti daku si Sabo, e tete mu okun wa." Ẹbí ọkọ ti ká ọwọ́ lérí, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé omi tútù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí okùn wà fún. Nígbà tí wọ́n dé Sábó, wọ́n bá ọkọ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ àgbàdo, ọkọ̀ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí. Ẹ wò ó bí ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe gbé gbogbo ìtàn yẹn ró. Ọ̀pọ̀ òbí wa ló jẹ́ pé fídíò "Nite of a Thousand Laughs" tí Opa Williams bẹ̀rẹ̀ ní 1995 ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ àwàdà orí ìtàgé òde òní, Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ níbẹ̀. Mo rín in dáadáa, ṣùgbọ́n Píjìn kò lè fún mi ní ọkọ àti ọkọ̀.

Bàbá Olùkọ́ Àkẹ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí ìjíròrò yìí. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí ẹ ń pè ní ti òde òní yìí ti wà ní ààfin Ọ̀yọ́-Ilé kí òyìnbó tó dé, ní ọwọ́ àwọn eégún aláré tí à ń pè ní apidán, tí ọ̀rọ̀ ìran wọn kò lè yọ Ológbìn Ológbojò sílẹ̀. Wọ́n ń tàkìtì, wọ́n ń di ejò, wọ́n ń di ọ̀nì, wọ́n sì ń sín onírúurú ènìyàn jẹ: Tápà, pańṣágà, òyìnbó.

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀dọ̀ Aláàfin, wọ́n sì ṣeré fún un. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, a sì ń rí i kà di òní. Àwọn tó wọ inú àpò kọ́kọ́ jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe eré òjòlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni "òyìnbó" jáde. Ó funfun bí ìda, ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un. Ó ń fín áásáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rin ìrìn láìwọ bàtà rí. Àwọn òǹwòran ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wò ó dáadáa. Ó kọ ọ́ pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i gẹ́gẹ́ bí inú tiwọn ṣe dùn, ó sì gbà pé ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé eléré yẹn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ti fi ojú ṣọ́ òyìnbó: ọwọ́ rẹ̀, imú rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àsínjẹ tó wá láti inú ìṣọ́ra báyìí ni tèmi, nítorí ẹni tí kò bá wo ènìyàn dáadáa kò lè sín in jẹ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń ṣe é kù-dí-ẹ̀-kà-á-tó ni àwọn tó jẹ́ pé ohùn nìkan ni wọ́n ń sín. Wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀.

Ọmọ Àyàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìdílé wa kún un. Dùndún a máa ṣe àwàdà. Bí ahun bá wọ agbo, ìyáàlù lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, òun á sì máa jó o, nítorí kò gbọ́ ìlù. Àwọn tó gbọ́ nìkan ni yóò máa rín. Nínú àwọn ọmọ tuntun, Kenny Blaq ni mo fẹ́ràn, torí pé inú orin ló ti ń yọ ẹ̀rín tirẹ̀. Ó mọ ibi tí etí ń retí ìlù, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì já a sí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí ẹ sọ ló mú mi. Ẹ ní Clapperton "ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn." Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gan-an nìyẹn. Àlejò ni Clapperton, ọ̀dọ̀ ọba ló wà, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Kí ló tún lè ṣe ju kí ó rẹ́rìn-ín lọ? N kò sọ pé àwọn apidán ṣe ohun tí kò tọ́. Clapperton ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ẹṣin jáde kúrò nílùú, kò sì sí ẹni tí yóò máa fi áásáà fíńfín pe é lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi, àdúgbò kan náà ni òun àti àwọn tó rín in jọ ń gbé.

Ìyá Alága, òfin yín tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì dúpẹ́. Mo fara mọ́ ti ohun tí ènìyàn lè bọ́ sílẹ̀ yẹn pátápátá.

Olùkọ́ Èdè Àmì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àwọn adití ni mò ń kọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí, ìlú tó ti ń kọ́ olùkọ́ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú wọn sì ti yí ohun tí mo mọ̀ nípa àwàdà padà.

Èmi gan-an ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé rí, tí mò ń fi ọwọ́ túmọ̀ àwàdà fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ogún. Àwàdà ọkọ àti ọkọ̀ tí àbúrò wa ti Under G sọ yìí, bí ó bá kan èmi, mo gbé nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni àmì ọkọ, ọ̀tọ̀ ni àmì ọkọ̀. Bí mo bá ṣe ọ̀kan, mo ti tú àṣírí. Bí n kò bá ṣe é, n kò sọ ohunkóhun. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ mi ń wò mí lójú bí ẹni tó jẹ ẹran tí kò fún àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí aláwàdà mìíràn dìde, tó ń ṣe awakọ̀ tó ń yẹ kòtò, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, tí orí rẹ̀ ń gbá òrùlé ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ti rín in kí àwọn tó ń gbọ́rọ̀ tó rín in. Bàbá Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ ni.

Ìyá Alága, mo ní ìbéèrè kan lórí òfin yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Láàárín àwọn adití, olúkúlùkù ló ní orúkọ àmì, ara ènìyàn ni wọ́n sì sábà máa ń wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Ẹni tó ní àpá létè, àpá yẹn ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. Èmi, èjí tó wà lẹ́nu mi ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Ìka kan sí eyín iwájú, èmi nìyẹn. Ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ mi ni, síbẹ̀ kò dùn mí rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ni mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí. Nítorí náà, n kò rò pé ara tí a fọwọ́ kàn ló ń mú àwàdà korò. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó sọ mí lórúkọ náà ní orúkọ tirẹ̀, èmi náà sì lè fi ìka pe é. Ta ni ẹ̀gbọ́n yẹn lè pè padà, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ aláwàdà ni máìkì wà?

Ìyá Alága Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyàwó mi, o ti fún mi ní ohun tí n kò rò dé rí. Òótọ́ ni pé èmi àti alága ìdúró jọ ní máìkì ni. Bí mo bá sọ ọ́, yóò dá a padà. Mo ti máa ń wo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ. N kò wo máìkì. Lóòótọ́, èmi kò ní í fọwọ́ kan ara ènìyàn níbi ìgbéyàwó títí mo fi máa fẹ̀yìn tì, nítorí àlejò ló pọ̀ níbẹ̀, a kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Àmọ́ láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí mo bá pè, n ó na máìkì sí i kí ó fún mi lésì, n ó sì dúró gbọ́ ọ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G

Olùkọ́, ẹ má bínú sí ọkọ àti ọkọ̀ mi. Mo tún un rò lálẹ́ àná. Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá jẹ́ kí a rí ojú ìyá ọkọ nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ àgbàdo, tí ọwọ́ tó ká lérí ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣé àwọn ọmọ yín kò ní í rín ìyẹn?

Olùkọ́ Èdè Àmì

Wọn yóò rín in títí wọn yóò fi jábọ́ lórí àga. Ọwọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni kí o fi parí rẹ̀. Àwọn ọmọ mi náà máa ń ṣe eré tiwọn ní ìparí sáà, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá mi dúró. Mo wá bi í léèrè irú àwàdà tí òun fẹ́ràn, nítorí mo rí i pé n kò bi í rí. Ó ní Baba Sala ni, olóògbé Moses Ọláìyá tí wọ́n bí ní 1936 tó sì kú ní 2018. Ó ní ìgbà tí òun wà ní kékeré, awò ojú ńlá yẹn àti ahun tí Baba Sala máa ń ṣe ló ń pa òun lẹ́rìn-ín, nítorí pé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí ẹni tó fà á jáde.

Ó tún rán mi létí ohun tí mo ti gbàgbé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, òun ló máa ń pa àlọ́ fún wa nílé. Bí ìtàn bá dé ibi tó gbóná, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń dúró dè ni yóò há sí i lẹ́nu. Àwa á na ọrùn, a ó dákẹ́ wẹ́lo, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá sì bọ́, a ó fò sókè. Kò sẹ́ni tó rín ìkólòlò rẹ̀ rí nínú yàrá yẹn. Ìjàpá là ń rín.

Olùkọ́, ó ní kí n bá òun béèrè ọjọ́ tí àwọn ọmọ yín yóò ṣe eré ìparí sáà wọn, àti bóyá wọ́n ń gba ẹni tí kì í ṣe adití wọlé. Ó ní òun yóò bá mi lọ.